Ojú Ìwé Bàbá Ìyàwó Mi

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń purọ́ fún ẹbí mi pé mo mọ iṣẹ́ tí ìyàwó mi ń ṣe. Bí wọ́n bá bi mí, màá ní, "Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni," màá sì yára béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ wọn. Èmi ń tún àga ṣe ní tèmi. Bí àga bá ya, gbogbo ayé ló ń rí i; bí mo bá tún un ṣe, ẹni tó ni ín á jókòó lé e, á fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ bùṣe. Iṣẹ́ ìyàwó mi kò rí bẹ́ẹ̀. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ló ń wá ohun tí àwọn ẹlòmíràn ò rí, á sì máa da ara rẹ̀ láàmù lórí ìdí tí wọn ò fi rí i.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ní kó jókòó kó là mí lọ́yẹ. Ó ti abọ́ oúnjẹ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bàbá wọn, bí ẹ bá ń wá awọ tí ẹ ó fi bo àga, kí lẹ máa ń ṣe?"

"Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù: níbo ni wọ́n ti ń ta awọ àga?"

"Ta ló wá ń dá yín lóhùn?"

"Fóònù náà ni. Ta ni ì bá tún jẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ kan ló ń dá mi lóhùn, ẹ̀rọ awárí ni wọ́n ń pè é, ibi tó wà sì jìnnà sí wa púpọ̀. Ẹ̀rọ náà ní ìwé ńlá kan, ó sì ní ìránṣẹ́ tí kì í sinmi. Ìránṣẹ́ yìí á máa lọ láti ojú ìwé kan sí òmíràn lórí ayélujára, á máa ka ohun tí àwọn ènìyàn kọ síbẹ̀. Èyí tó bá tẹ́ ẹ̀rọ lọ́rùn, á kọ ọ́ sínú ìwé ńlá rẹ̀. Èyí tí kò bá kọ sílẹ̀, ó wà lóòótọ́, kò sẹ́ni tó pa á rẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá a, apẹ̀rẹ̀ ló fi ń pọn omi.

"Iṣẹ́ tèmi," ó ní, "ni kí n máa wò ó láràárọ̀ pé ojú ìwé àwọn oníbàárà wa wà nínú ìwé ńlá yẹn. Èyí tí wọn ò tíì gbà, kí n mọ ìdí. Èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá jábọ́, kí n tètè figbe ta."

"A jẹ́ pé akọ̀wé ẹnubodè ni ọ́."

"Ta ló fún mi ní bodè? Ẹ̀yìn géètì lèmi wà, pẹ̀lú àwọn tí wọn ò tíì ṣílẹ̀kùn fún."

Mo dé ọ́fíìsì wọn lẹ́ẹ̀kan. Òkè ilé kan ni, lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta awò ojú. Tábìlì méje ló wà níbẹ̀, ti ìyàwó mi ló sún mọ́ fèrèsé jù. Kọ̀ǹpútà wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé onílà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń fi bírò kọ nǹkan sí bí ọmọ iléèwé. Ó pín ojú ewé kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta: àwọn tí wọ́n ti gbà, àwọn tó bàjẹ́, àti àwọn tí ìránṣẹ́ ti rí ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ ò tíì gbà. Àwọn ìkẹta yìí ló máa ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó ní èyí tó bàjẹ́, èèyàn á tún un ṣe. Èyí tí wọ́n rí tí wọ́n sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, o ò mọ ohun tí o fẹ́ tún ṣe lára rẹ̀. Ìyá Ojú-Ìwé ni àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè é. Ọ̀gá wọn sọ fún mi pé lọ́jọ́ tí wọ́n gba ojú ìwé oníṣègùn eyín kan tó ti ń dúró láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìyàwó mi dìde lórí àga, ó ń pàtẹ́wọ́ bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ yege ìdánwò.

Wọ́n ní àṣà kan níbẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ sọ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ti ṣẹ̀. Bí wọ́n bá ń kọ ojú ìwé tuntun fún ènìyàn, wọ́n máa ń fi ìlà kan sí i tí ojú ènìyàn kì í rí. Ìránṣẹ́ ẹ̀rọ ni ìlà náà ń bá wí. Ó ń sọ fún un pé, "Má kọ mí sílẹ̀." Bí ìránṣẹ́ bá dé, tó kà á, á yí padà. Ọjọ́ tí oníbàárà bá ní "Ó ti tó" ni wọn ó tó yọ ọ́ kúrò. Ìyàwó mi ló dá àṣà yìí sílẹ̀, lẹ́yìn tí ojú ìwé ẹnì kan tó ń ta táyà wọ inú ìwé ńlá láìtíì parí, tí àwọn ènìyàn sì ń lọ kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn nítorí àdírẹ́sì tí kò tọ̀nà. Ó máa ń sọ pé ilé tí a ò tíì kùn, a kì í pe àlejò sí i. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí mi, mo sì máa ń yìn ín fún un.

Lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú, bàbá rẹ̀ kó wá sọ́dọ̀ wa. Èmi ni mo ní kó wá. Ọkùnrin tínínrín ni, tó máa ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láràárọ̀ bí ẹni ń lọ síbi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tó ti fẹ̀yìn tì. Ṣọ́ọ̀bù mi wà níwájú ilé, nítorí náà àwa méjèèjì la jọ máa ń wà látàárọ̀. Àga tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe ló máa ń jókòó lé, á mi ara jìgìjìgì, á ní, "Èyí ṣì ń ké o, ọmọ mi." Bí mo bá fárígá pé kò ké, á ní, "Ó dáa, etí mi ló ń ké." Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Bàbá tó bí mi lọ́mọ kò bá mi ṣeré tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọ̀sán Sọ́ńdè kan, ó pe èmi àti ìyàwó mi, ó ní ká pa tẹlifíṣọ̀n. Ó ní ọ̀rọ̀ àbúrò òun ọkùnrin lòun fẹ́ sọ.

"Bàbá Kékeré tó jó ilé ìtẹ̀wé?" ni ìyàwó mi bi í. Bí wọ́n ṣe ń pè é nílé wọn láti ìgbà tó ti gbọ́njú nìyẹn. Kò rí ọkùnrin náà sójú rí.

"Kì í ṣe òun," ni Bàbá wí. "Èmi ni."

Òun àti àbúrò rẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ nínú iyàrá tí wọ́n ń kó bébà sí ní ilé ìtẹ̀wé kan. Èèwọ̀ ni sìgá mímu níbẹ̀. Lọ́jọ́ náà, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ àbúrò, ṣùgbọ́n àbúrò ti lọ jẹun láìti ilẹ̀kùn. Bàbá wọlé, ó tanná sí sìgá nítorí pé ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀: ìyàwó rẹ̀ ń rọbí lọ́wọ́. Kò tíì fà á dé ìdajì tí wọ́n fi pè é láti ìta pé ìyàwó rẹ̀ ti bí. Ó gbé sìgá náà lé etí àpótí kan, ó sáré jáde. Nígbà tó fi máa gbé ọmọ mọ́ra, iyàrá bébà ti jóná, iná sì ti ràn dé gbogbo ilé ìtẹ̀wé.

"Ìwọ ni wọ́n bí lọ́jọ́ náà," ó sọ fún ìyàwó mi.

Wọ́n mú àbúrò lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, torí ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Wọ́n fún ẹ̀gbọ́n láyè láti lọ rí i níbẹ̀. "Ó wò mí," ni Bàbá wí. "Ó mọ̀ pé èmi ni. Ó ń retí kí n sọ̀rọ̀. Mo ronú ọmọ tuntun nílé, mo wolẹ̀. Mo ní n ó sọ ọ́ lọ́la." Ọ̀la yẹn di ọdún mọ́kàndínlógójì. Wọ́n lé àbúrò níbi iṣẹ́, ẹbí ń fi bú u, ó kúrò nílùú, kò sì sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀ mọ́. Wọ́n tún ilé ìtẹ̀wé kọ́, ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹwà kankan ò bù sí ayé àbúrò Bàbá.

Ìyàwó mi ń fi ọwọ́ nu orí tábìlì tó mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀rọ tí ò ń bá ṣiṣẹ́ yẹn," Bàbá bi í, "ẹni tó bá wá orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀, ṣé á rí i?"

"Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sílẹ̀, á rí i, sà."

"Kọ ọ́ síbẹ̀ fún mi. Àbúrò mi á wá orúkọ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bà lórúkọ jẹ́ kì í yé wá orúkọ rẹ̀."

Èmi ní tèmi dábàá pé ká gbé e síbi tí àwọn èèyàn ti ń tàkúrọ̀sọ lórí fóònù, kí wọ́n máa pín in kiri. Bàbá fi ojú burúkú wò mí, ó ní, "Ẹni tí mo ṣẹ̀ ni mò ń wá, kì í ṣe òǹwòran."

Ìyàwó mi kọ ojú ìwé náà. Orí rẹ̀ ni orúkọ àbúrò wà ní kíkún, àti orúkọ ilé ìtẹ̀wé, àti ọ̀rọ̀ yìí: Kì í ṣe òun ló jó o, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Nọ́ńbà fóònù Bàbá ló wà nísàlẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àṣà iṣẹ́ rẹ̀, ìyàwó mi fi ìlà "Má kọ mí sílẹ̀" sí i, títí Bàbá yóò fi ní ó ti tó. Bàbá kò tètè ní ó ti tó. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, bí ọmọ rẹ̀ bá ti ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, á ti mú bébà dání. "Mo ní 'ó ṣèèṣì' níbí. Yọ ọ́. Sìgá ló ṣèèṣì, dídákẹ́ mi ò ṣèèṣì." Lọ́jọ́ kejì á tún fẹ́ kó dá a padà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fi ń ṣe èyí. Láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún yìí, ìránṣẹ́ ẹ̀rọ wá lẹ́ẹ̀mẹta, ìyàwó mi rí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ló ka ìlà yẹn, tó sì yí padà.

Lẹ́yìn náà Bàbá ní ó ti tó. Ìyàwó mi yọ ìlà kúrò, ó ní kí ẹ̀rọ máa bọ̀. Ẹ̀rọ ò wá. Ẹni tí wọ́n lé lẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ fẹ́ kó sáré padà bí? Ojú ìwé kan ṣoṣo, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, tí kò sí ojú ìwé mìíràn tó ń tọ́ka sí i, kí ni ẹ̀rọ fẹ́ fi í ṣe? Ó pẹ́ kí ìránṣẹ́ tó tún yọjú, nígbà tó sì yọjú, ẹ̀rọ fi ojú ìwé náà sí ọ̀wọ́ kẹta: a ti rí i, a ò tíì gbà á. Ìyàwó mi kọ ọ́ sínú ìwé onílà rẹ̀, láàárín àwọn oníṣègùn eyín àti àwọn tó ń ta táyà. Ká ní ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ló bá Bàbá kọ ọ́ ni, tó kàn gbé e síta wúruwùru lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bóyá wọn ì bá ti gbà á. Mímọ̀-ọ́n-ṣe ìyàwó mi ló ti ilẹ̀kùn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, ó ń sunkún.

"Ṣé wọ́n ti gbà á?" ni Bàbá ń bi í lójoojúmọ́.

"Wọn ò tíì gbà á, sà. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba."

"Akólòlò tèmi ti ń darúgbó o."

Oṣù kan kọjá, ó di méjì. Ọkàn Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmù. Dókítà ní kó máa sinmi, kó máa jẹun, ká má sì jẹ́ kó máa ronú. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ dókítà! Ta ló ń rán ìrònú níṣẹ́? Oúnjẹ tí a bá gbé síwájú rẹ̀, á fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, á ní òun ti yó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ní ìrọ̀lẹ́ Wẹ́sídeè kan, ìyàwó mi dé láti ibi iṣẹ́, ó rí abọ́ àárọ̀ tó ṣì kún, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá rẹ̀.

"Bàbá," ó ní, "wọ́n ti gbà á."

Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Nígbà wo?"

"Láàárọ̀ yìí, sà."

Mo wà níbẹ̀, mo sì gbà á gbọ́. Mo lè tẹ orúkọ náà sórí fóònù mi kí n fojú ara mi rí i, ìṣẹ́jú kan ni ì bá gbà mí. Mi ò tẹ̀ ẹ́. Ta ló ń yẹ ọ̀rọ̀ akọ̀wé wò nínú ilé ara rẹ̀?

Bàbá jẹun tán nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì ó fá irùngbọ̀n, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ní kí n yí àga òun síhà ojú títì. Fóònù rẹ̀ wà nínú àpò àyà. Ó ní kí n pè é kí òun mọ̀ bóyá ó ń dún dáadáa. Mo pè é, ó ta gìrì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá àpò mú, a jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta ó ní kí n má pè é mọ́, pé ọkàn òun ò gbà á. Ó ń múra ohun tó máa sọ sílẹ̀, ó ń sọ ọ́ fún mi bí mo ṣe ń kan ìṣó: bóyá kí òun kọ́kọ́ kí i, àbí kí òun kọ́kọ́ tọrọ àforíjì, àbí kí òun fi í sílẹ̀ kó bú òun tán ná. Inú mi dùn lọ́jọ́ wọ̀nyẹn. Mo sọ fún ìyàwó mi pé iṣẹ́ rẹ̀ ti wo bàbá rẹ̀ sàn. Ó wò mí, ó lọ fọ abọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, fóònù ò dún. Ìpè tó wọlé kò ju ti àwọn tó ṣi nọ́ńbà tẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni mo ṣàkíyèsí pé fóònù náà ò sí nínú àpò àyà rẹ̀ mọ́. Ó fi sílẹ̀ sórí tábìlì nínú iyàrá.

"Ó ti kà á," Bàbá sọ fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Ta ni, sà?"

"Àbúrò mi. Mo mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ẹni tí nǹkan ń fò lójú. Ó ti kà á láti oṣù tó kọjá, ó sì pa á dé. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni."

"Bàbá, bóyá kò tíì rí i."

"Ṣebí ọmọ mi ní wọ́n ti gbà á? Àbí ó máa purọ́ fún mi ni?"

Mo ní, "Rárá, sà. Kò lè purọ́ fún yín."

"Ẹ̀n-ẹ́n." Ó gbójú sí títì. "Má sọ fún un o. Ó ti sa gbogbo ipá rẹ̀ fún mi. Bó bá gbọ́ pé ìrètí mi ti pin, á bà á nínú jẹ́. Ṣèlérí fún mi."

Mo ṣèlérí. Láti ọjọ́ náà, bí ìyàwó mi bá ti dé, Bàbá á rẹ́rìn-ín sí i, á ní, "Kò tíì pè, ṣùgbọ́n á pè." Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní, "Á pè, sà." Èmi á jókòó sáàárín wọn, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Nínú ilé kan ṣoṣo, àwa mẹ́ta ń ṣàánú ara wa, àánú náà sì ń pa ẹni tó dàgbà jù nínú wa. Ká ní ẹnì kan nínú wa jẹ́ aláìlójú àánú ni, ká ní ó lanu sọ ọ̀kan ṣoṣo nínú ohun tó wà níkùn rẹ̀, Bàbá ì bá mọ̀ pé àbúrò rẹ̀ ò kọ̀ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ló kú, lọ́sàn-án, lórí àga tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi awọ tuntun bò. Mo kẹ́yìn sí i, mò ń gé okùn. Ó ní, "Ó kọ̀ mí, ọmọ mi. Bí èmi náà ṣe kọ̀ ọ́ nìyẹn." Kò pariwo, ohùn tó fi ń sọ pé àga ń ké ló fi sọ ọ́. Nígbà tí mo yíjú sí i láti dá a lóhùn, orí rẹ̀ ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Oníbàárà tó ni àga wá lọ́jọ́ kejì, mo sọ fún un pé kò tíì tán. Kò sí ohun tó kù tí mo fẹ́ ṣe lára rẹ̀.

Ó pé ọjọ́ mọ́kàndínlógún tí a sin ín nígbà tí ìyàwó mi pè mí láti ibi iṣẹ́ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Ó ń sunkún débi pé mi ò tètè gbọ́ ohun tó ń wí.

"Wọ́n ti gbà á! Bàbá wọn, wọ́n ti gbà á!"

"Wọ́n gba kí ni?"

"Ojú ìwé Bàbá. Mo wò ó láàárọ̀ yìí, ó ti wọlé."

"Ṣebí ó ti wọlé tipẹ́?"

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń tẹ kọ̀ǹpútà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Mo purọ́. Bàbá ò jẹun, ẹsẹ̀ wọn ń wú, mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe. Mo rò pé kó tó di ọ̀sẹ̀ kan wọ́n á gbà á, irọ́ mi á sì di òótọ́. Ẹ má bínú sí mi."

Èmi tí mo jẹ́ oníbìínú ẹ̀dá! Ojú mi ṣú. Ohun tí Bàbá sọ fún mi ti dé ètè, mo fẹ́ sọ ọ́ kó dùn ún, kó dùn ún dé egungun. Ó tún sọ̀rọ̀ kí n tó lanu.

"Ohun tó ń tù mí nínú ò ju ẹyọ kan lọ," ó ní. "Títí Bàbá fi kú ni wọ́n ń retí àbúrò wọn. Wọ́n kú tàwọn ti ìrètí. Bí kì í bá ṣe ìyẹn, mi ò mọ bí ǹ bá ṣe máa dìde láàárọ̀."

Ẹyin lohùn. Mo gbé tèmi mì. Mo ní kó nu ojú rẹ̀, kó mu omi. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mi ò sì lè ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà. Mo bínú sí i. Mo bínú sí ara mi jù ú lọ, nítorí òun purọ́ lẹ́ẹ̀kan, èmi sì jókòó ti Bàbá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mò ń wò ó bó ṣe ń kú. Inú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n àga ni mò ń kọ gbogbo èyí sí. Ìyàwó mi kì í ṣí i, kò sì sí ìránṣẹ́ ẹ̀rọ kankan tó máa dé inú dúrọ́ọ̀ mi.

Fóònù Bàbá ṣì wà lórí fíríìjì. Ìyàwó mi ò jẹ́ kí iná kú lára rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ó dún nígbà tí a ń jẹun àárọ̀. Ìyàwó mi gbé e, ó tẹ ibi tí èmi náà á fi gbọ́.

"Ẹ kú àárọ̀ o," ni ohùn ọkùnrin kan wí. Ohùn Bàbá ni, bó ṣe ń há nísàlẹ̀ gẹ́lẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń wá. Nọ́ńbà wọn ni mo rí lórí ayélujára."

Ọkùnrin náà ń sọ̀rọ̀ lọ, bí ẹni tó ń bẹ̀rù pé wọ́n máa pa fóònù mọ́ òun lójú. Ó ní lọ́dọọdún, nínú oṣù tí iná náà ṣẹlẹ̀, òun máa ń tẹ orúkọ ilé ìtẹ̀wé yẹn láti mọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń sọ pé òun ni. Ọdún yìí ni òun rí orúkọ òun. Ó ní òun kà á lórí ìdúró, ìyàwó òun ní kí òun jókòó, òun ò gbọ́.

"Ẹ gbé e fún wọn," ó ní. "Bí wọn ò bá lè sọ̀rọ̀, kí wọ́n ṣáà wúkọ́. Màá mọ̀ pé wọn ni."

"Bàbá Kékeré," ni ìyàwó mi wí níkẹyìn, "ọmọ wọn ni mí. Èyí tí wọ́n bí lọ́jọ́ iná. Wọ́n ti lọ, sà. Ó ti di oṣù méjì."

A gbọ́ tó fa àga, tó jókòó.

"Oṣù méjì," ó ní. "Ṣé wọ́n rò pé mo ti rí ojú ìwé náà?"

"Èmi ni mo fà á, sà. Ẹ̀rọ ò tíì gba ojú ìwé náà nígbà yẹn, mo sì purọ́ fún wọn pé ó ti gbà á. Ṣùgbọ́n wọ́n ń retí yín. Wọ́n ń retí yín títí dópin."

"Ta ló wà lọ́dọ̀ wọn nígbà tí wọ́n ń lọ?"

"Ọkọ mi ni, sà. Ó wà níbí, ó ń gbọ́ yín."

"Ọmọ mi," ohùn Bàbá pè mí láti inú fóònù. "Ìwọ lo wà níbẹ̀. Kí ni wọ́n sọ nípa mi?"

Ìyàwó mi gbójú sókè wò mí. Ṣíbí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wọ́n ní ẹ ń bọ̀, sà," ni mo wí. "Wọ́n ní ẹ ò ní pẹ́ dé."

Bàbá Kékeré bú sẹ́kún, ẹkún àgbàlagbà tí kò ní omijé púpọ̀, tó ń dún nínú àyà. Ìyàwó mi di ọwọ́ mi mú lórí tábìlì, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ò sọ èyí fún mi rí," ó ní.

Mo ní mo gbàgbé ni.